Kírísítálì tí kò tó hóró ẹ̀wà: bí a ṣe ń wá a, bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́

Ẹ mú kírísítálì kan, irú òkúta tí wọ́n ń pè ní tourmaline, tó gùn tó ìka ọwọ́, kí ẹ yí i po nínú oòrùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí ẹ ò ní rí ibi tó ti ṣán, tàbí ibi tí òkúta mìíràn ti fún un mọ́ra nígbà tó ń hù. Ẹ wá fi awò wo èyí tí kò ju orí ìṣáná lọ, tó fara pamọ́ sínú ihò kékeré lára òkúta kan náà. Gbogbo ojú rẹ̀ pé, etí rẹ̀ mú, ó sì ń dán bíi dígí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Àyè ló fà á. Èyí tó kéré rí àyè hù. Èyí tó tóbi ti kún àyè tirẹ̀, ó sì ti ń bá aládùúgbò rẹ̀ du ibùjókòó.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú irú ohun àlùmọ́ọ́nì tó ju 5,000 lọ tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ, ọ̀pọ̀ ni kì í tóbi ju èyí tí awò lè fi hàn lọ. Ẹni tó bá ń wá ńláńlá nìkan kò ní rí wọn láéláé. Àyè ilé náà wà níbẹ̀: dúrọ́ọ̀ kan tó fẹ̀ ní 45 sẹ̀ǹtímítà, tó sì gùn ní 45, máa gba àpótí kékeré 400.

Èyí tó bá lè wọ inú àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ ni àwọn olùṣàkójọ ń pè ní thumbnail. Èyí tó jẹ́ pé awò ló máa fi ẹwà rẹ̀ hàn ni micromount, orí rẹ̀ sì ni a máa dúró sí jù. A fi orúkọ àwọn òkúta sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, torí bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ máa bá wọn lára lébẹ́ẹ̀lì níbi gbogbo.

Awò àti iná

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú awò kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń há mọ́jú, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10. Ẹ gbé awò náà súnmọ́ ojú títí ọwọ́ yín á fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ wá máa gbé òkúta bọ̀ wá bá a. Nígbà tó bá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, ó máa mọ́ kedere. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á na awò síwájú bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn, wọ́n á wá ní awò náà kò dáa.

Tí iṣẹ́ bá ti wọra, ẹ ra máíkírósíkóòpù olójú méjì, stereo ni wọ́n ń pè é, tó ń lọ láti ìlọ́po 10 dé 40. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta irú èyí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn fún yín. Abẹ́ ni iná tirẹ̀ ti ń wá, òkúta kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Awò rẹ̀ tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ohun tí ẹ ń wò, bẹ́ẹ̀ ẹ nílò tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 láàárín awò àti òkúta kí ọwọ́ àti ẹ̀mú lè ráyè ṣiṣẹ́. Ìlọ́po 400 tí wọ́n kọ sára páálí kò wúlò fún yín rárá.

Iná ṣe pàtàkì tó awò. Ẹ gbé àtùpà LED kan sí ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ sórí òkúta bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Iná tó bá wá láti òkè tààrà máa pa gbogbo ìlà ara kírísítálì rẹ́.

Ibi tí ẹ ti máa rí i

Lábẹ́ òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀ bàbá yín ni. Nítorí náà, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ibi ìwakùsà náà ni ẹ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí ẹ bá nínú kòtò. Kí ẹ sì yọjú sí baálẹ̀ kí ẹ tó gbé hámà jáde, torí ará ìlú ò mọ̀ bóyá kírísítálì wẹ́wẹ́ lẹ wá ṣà tàbí ilẹ̀ wọn lẹ wá wò. Tí ẹ bá fẹ́ kó o jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè, ẹ gba ìwé àṣẹ ìkójà-jáde ṣáájú kí ẹ tó di ẹrù.

Nílẹ̀ Yorùbá, pegmatite ni òkúta tó ń bí jù. Ẹ máa mọ̀ ọ́n nítorí hóró rẹ̀ tóbi: feldspar tó funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, quartz tó dà bí omi dídì, àti mica tó ń ṣí bí ewé ìwé. Ìjerò-Èkìtì àti agbègbè Komu ní Òkè Ògùn gbajúmọ̀ fún un. Ẹ má wọ kòtò, ẹ má sì wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ rárá. Òkìtì tí àwọn awakùsà kó dànù ni tiyín. Ẹ lọ lẹ́yìn òjò, nígbà tí oòrùn ò tíì ga tàbí nígbà tó ti ń wọ̀. Òjò á ti fọ eruku kúrò, oòrùn tó wà nísàlẹ̀ á sì máa ta yẹ́ríyẹ́rí lára ojú kírísítálì. Ní ọ̀sán gangan, òkìtì kan náà máa dà bí erùpẹ̀ lásán.

Ihò kékeré tí amọ̀ funfun tàbí amọ̀ pupa dí ni kí ẹ máa wá. Tí ẹ bá rí òkúta tó ní irú rẹ̀, ẹ má fọ́ ọ, ẹ fọ̀ ọ́. Inú amọ̀ yẹn ni kírísítálì tó já bọ́ máa ń sùn sí. Ẹ kó amọ̀ náà sínú báàgì ọ̀tọ̀, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fi omi ṣàn án lórí asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré. Ọ̀pọ̀ ló ń da amọ̀ yìí nù, tí wọ́n á wá fi wákàtí mẹ́ta lu òkúta tí kò ní nǹkan kan nínú.

Ọ̀nà kejì kò gba hámà rárá. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ wo ìsàlẹ̀ odò kékeré níbi tó ti ṣẹ́ kọ́nà, lápá inú kọ́nà náà: ẹ máa rí iyanrìn dúdú tó tẹ́ bí ìlà. Ẹ bu bíi lítà méjì, ẹ fi asẹ́ gààrí yọ òkúta wẹ́wẹ́ kúrò, kí ẹ wá fi igbá rọra mì ín nínú omi, bí àwọn tó ń wá wúrà ṣe ń ṣe é, títí iyanrìn funfun á fi ṣàn lọ. Ẹ sá èyí tó kù gbẹ. Ẹ mú òòfà inú lùdú-sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi nylon wé e, kí ẹ máa gbé e kọjá lórí iyanrìn náà. Magnetite, ìyẹn hóró dúdú tó ní irin nínú, á lẹ̀ mọ́ nylon. Ẹ fa òòfà kúrò nínú nylon, gbogbo rẹ̀ á já sílẹ̀ pọ̀. Láìsí nylon, ẹ ó máa fi èékánná họ ọ́ dalẹ́. Ohun tó kù lẹ máa gbé sábẹ́ awò: garnet pupa, àti zircon tó dà bí ọ̀pá onígun mẹ́rin tí orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó. Tí etí wọn bá ti yí roboto, odò ti gbé wọn rìn jìnnà. Ẹ gòkè odò sí i.

Ọ̀nà kẹta ni ọjà òkúta iyebíye ní Òjóò, n'Ìbàdàn. Ohun tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń wá ni èyí tó mọ́, tó sì tóbi tó láti gé fún òrùka. Kírísítálì tó gùn ní mìlímítà 6, tí gbogbo ojú rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tó ṣú nínú, kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ṣa ìdọ̀tí inú àwo wọn, kí ẹ sì dúnàádúrà fún òkìtì, kì í ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè ibi tó ti wá lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá gba ìdáhùn náà gbọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "oníṣòwò ní Komu ni." Tí wọ́n bá sì gbé kírísítálì tó jókòó rèǹtèrente lórí òkúta wá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yẹ owó wò sí ìdí rẹ̀ nínú òkùnkùn. Lẹ́ẹ̀ sábà máa ń tàn funfun tàbí búlúù níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tó gbé hámà

Ẹ dé gọ́gù ojú. Ẹ fi omi wọ́n òkúta kí ẹ tó lù ú, kí ẹ sì lo ìbòmú tó ń dí eruku gan-an, torí eruku quartz ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kì í sì í jáde mọ́. Ẹ má lọ òkúta nínú ilé, ẹ má fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ẹ má sì fi ìkòkò ìdáná fọ̀ ọ́. Ní Zamfara lọ́dún 2010, eruku òkúta wúrà tó ní òjé nínú, tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé, pa nǹkan bíi 400 ọmọdé.

Gígé

Ẹ fẹ́ kí òkúta tó gbé kírísítálì kéré tó láti wọ àpótí, ṣùgbọ́n hámà kọ́ ló ń ṣe èyí. Ìlù hámà máa ń gba inú òkúta kọjá, ibi tí ara òkúta bá ti rọ̀ jù, ìyẹn ìdí kírísítálì, ló máa ń já sí. Ẹ̀mú ńlá tí wọ́n fi ń gé wáyà tàbí fáìsì káfíńtà ló dára.

Ẹ kọ́kọ́ fi awò yẹ gbogbo ẹ̀yìn òkúta wò. Kò yani lẹ́nu kí èyí tó dára jù wà níbi tí ẹ fẹ́ gé sọnù. Ẹ fi ẹnu ẹ̀mú gbá a mú ní ọ̀kánkán ara wọn, níbi tó jìnnà sí kírísítálì tó ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ àti òkúta bọ inú báàgì nylon kí èyí tó bá fò má sọnù. Ẹ wá fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró, ẹ fún un sí i. Tí kò bá ya, ẹ yí i sí ibòmíràn dípò kí ẹ fi agbára kún un. Ká sọ òótọ́, nínú mẹ́ta tí ẹ bá gé, ẹ lè pàdánù ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi èyí tí kò dára kọ́ ọwọ́.

Fífọ̀

Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun imú ọmọ ni ẹ máa fi fẹ́ eruku kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ òkúta sínú omi tí ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan sí, fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá fi síríńjì 20 ml fín omi sínú ihò rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé dára fún quartz, garnet àti tourmaline. Kò dára fún ohunkóhun tó rí bí irun tàbí abẹ́rẹ́, ẹyọ kan ló máa gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Omi ìkẹyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba oru rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń bù kún bátìrì ọkọ̀. Omi kànga tàbí ti borehole máa ń fi ẹfun sílẹ̀ lórí kírísítálì tó bá gbẹ. Ẹ ka ara ike dáadáa kí ẹ tó san owó: ásíìdì bátìrì náà wà nínú ike tó jọ ọ́ lórí tábìlì kan náà. Ẹ sá òkúta náà gbẹ níbòòji.

Ìpẹtà pupa tó bo quartz tàbí tourmaline, oxalic acid ló ń mú un kúrò. Gíráàmù 80 sí 100 sí lítà kan omi tí wọ́n gba oru rẹ̀ yìí, nínú ike tó ní ìdérí, ní ìta, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Májèlé ni, ẹ má gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé tó, ẹ má sì gbé e kaná. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta sábà máa ń tó. Ẹ wá rẹ òkúta sínú omi mímọ́ fún iye ọjọ́ kan náà, kí ẹ máa pààrọ̀ omi ní àràárọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ ìyeyè kan á jáde lára rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ da omi onísódà ìyan-búrẹ́dì sínú ásíìdì tí ẹ ti lò títí kò fi ní hó mọ́ kí ẹ tó dà á nù. Tí calcite tàbí òkúta mábù bá wà lára òkúta náà, ẹ má gbìyànjú rẹ̀: á bo gbogbo rẹ̀ ní ẹfun funfun tí kì í ṣí.

Iyọ̀ inú òkúta máa ń yòrò, nítorí náà omi kò gbọ́dọ̀ kan halite rárá. Pyrite, òkúta tó ń dán bí wúrà, ẹ fọ̀ ọ́ kíákíá, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ pátápátá.

Lílẹ̀ sínú àpótí

Àpótí ike tó wọ́pọ̀ fún micromount ní ẹ̀gbẹ́ mìlímítà 22, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ìdérí rẹ̀ mọ́ gaara. Àárín rẹ̀ ni a máa ri ọ̀pá kékeré mọ́, orí ọ̀pá náà ni òkúta máa jókòó lé. Ẹ̀yọ ìgbálẹ̀ kan tó gbẹ dáadáa ló dára jù fún ọ̀pá yìí: kò wúwo, kò tóbi, ọ̀bẹ sì ń gé e tónítóní. Ẹ fi ọ̀dà dúdú tí kì í dán kùn ún. Tó bá funfun tàbí tó bá ń dán, ojú á máa sá lọ bá a.

Ẹ ṣírò gígùn rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Tí inú àpótí bá jìn ní mìlímítà 16, tí òkúta ga ní 5, tí ẹ sì fẹ́ kí mìlímítà 3 kù sí ìdérí, ọ̀pá máa jẹ́ 8. Tí ẹ kò bá fi àyè sílẹ̀, ìdérí ló máa ṣẹ́ orí kírísítálì ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá tì í bọlẹ̀.

Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni kí ẹ lò. Omi lè tú u bí ẹ bá ṣe àṣìṣe. Súpà-gílúù yá, àmọ́ èéfín rẹ̀ máa ń hù bí ìrì funfun sórí kírísítálì àti inú ìdérí, ó sì máa ń já bí dígí nígbà tí àpótí bá bọ́. Ẹ kán gọ́ọ̀mù tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ sórí ọ̀pá, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta títí á fi le díẹ̀. Ìdí tí a fi ń dúró ni pé òkúta tó ní ihò tóóró máa ń fa gọ́ọ̀mù tó ṣàn sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, ẹ ó sì bá a lára kírísítálì ní ọjọ́ kejì, níbi tí kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́.

Ẹ má fi ẹ̀mú irin gbé kírísítálì tó dá wà. Ó máa yọ̀, á sì fò bí èkùrọ́ tí òkúta ṣán. Ẹ fi orí igi ìtayín tó tutù díẹ̀ gbé e, kí ẹ sì ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí lórí àtẹ tí ẹ tẹ́ aṣọ funfun sí. Tó bá fò bọ́ sílẹ̀, ẹ má tíì gbé ẹsẹ̀. Ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa sáré lórí ilẹ̀: á ta yẹ́ríyẹ́rí sí yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni bí òkúta ṣe máa kọjú. Wọ́n á tò ó bí ère tí a ń wò láti ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ òkè ni máíkírósíkóòpù ti ń wò. Kí ẹ sì ṣe é lábẹ́ awò gan-an, kí ojú tó dára jù wà lókè, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí iná lè ta lára rẹ̀. Ẹ fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí fún wákàtí 24.

Orúkọ àti lébẹ́ẹ̀lì

Ẹ má fi àwọ̀ sọ orúkọ. Tourmaline dúdú ní ìlà gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀ láti òkè délẹ̀, tí ẹ bá sì wo orí rẹ̀, ó jọ igun mẹ́ta tí ikùn rẹ̀ yọ. Beryl ní ojú mẹ́fà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Quartz náà ní mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìlà tirẹ̀ dábùú ara rẹ̀ ni. Garnet sábà máa ń ní ojú 12 tó dà bí dáyámọ́ǹdì káàdì. Cassiterite dúdú jọ tourmaline lójú, àmọ́ ó wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ yí táìlì tí kò dán lẹ́yìn padà kí ẹ fi èérún òkúta náà họ ọ́: hematite, bó ti wù kó dúdú tó, máa fi ìlà pupa sílẹ̀; pyrite tó ń dán bí wúrà máa fi dúdú sílẹ̀. Èérún ni ẹ máa dán wò, kì í ṣe kírísítálì tó pé. Tí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ wo mindat.org, níbi tí wọ́n ti to ohun tí wọ́n rí ní ibi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi àmì ìbéèrè sí i. Lébẹ́ẹ̀lì tó ní àmì ìbéèrè dára ju èyí tó ní irọ́ lọ.

Kírísítálì tí kò ní ibi tó ti wá, ohun ọ̀ṣọ́ ni. Báyìí ni kí ẹ ṣe kọ ọ́:

47. Tourmaline dúdú lórí feldspar.
Òkìtì ìwakùsà, Ìjerò-Èkìtì, Ìpínlẹ̀ Èkìtì, Nàìjíríà.
12 oṣù kejì 2024. Ẹni tó ṣà á, orúkọ yín.

Ẹ fi fóònù yàwòrán ibẹ̀ kí GPS wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ àpótí pẹ̀lú, torí lébẹ́ẹ̀lì máa ń bọ́, tí àpótí méjì bá sì dà rú ní ọjọ́ kan, ẹ kò ní mọ èwo ni ti èwo. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò. Báírò máa ń parẹ́, yíǹkì kọ̀ǹpútà onísísan á sì tàn ká nígbà òjò.

Títọ́jú

Ọ̀rinrin òjò ni ọ̀tá pyrite. Tí ọ̀rinrin inú dúrọ́ọ̀ bá ti ju ìdá 60 nínú 100 lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí ìyeyè, ásíìdì tó ń jáde lára rẹ̀ á sì jẹ lébẹ́ẹ̀lì àti òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kó pyrite sí ike ọ̀tọ̀ tó dé pinpin, kí ẹ fi àpò silica gel sí i, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Àpò yẹn máa ń yó omi. Ẹ gbé e sínú oòrùn gbígbóná nígbà ọyẹ́, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má fi òwú wé ohunkóhun tó ní abẹ́rẹ́ lára. Nígbà tí ẹ bá tú u, òwú á kó abẹ́rẹ́ náà lọ.

Oòrùn tààrà náà máa ń mú kí àwọ̀ àwọn kan ṣá, amethyst wà lára wọn, nítorí náà inú dúrọ́ọ̀ tó dé ni ibùjókòó wọn, kì í ṣe ojú fèrèsé. Tí ọyẹ́ bá sì ti mú, ẹ ṣí gbogbo àpótí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi igi ìtayín kan ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wò. Ìgbálẹ̀ máa ń sún kì nígbà ọyẹ́, èyí tó bá mì, ẹ kán gọ́ọ̀mù tuntun sí ìdí rẹ̀ kó tó já.